Omi kan ń yọ lára bátìrì ínfátà, mi ò mọ ibi tó ti ń wá

OmoParakin:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bátìrì onítúbù méjì ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 12, 220Ah. A so wọ́n ní síríìsì fún ínfátà fóltì 24, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Inú àpótí onípákó ni wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ òrùlé, ní Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àpótí náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ tó 70, ó ga tó 60. Kò ní ìsàlẹ̀, orí sìmẹ́ǹtì gan-an ni bátìrì jókòó lé. Wáyà páánẹ́ẹ̀lì òòrùn gba inú páìpù funfun láti orí òrùlé wọ inú àpótí náà lápá ọ̀tún. Kọntirólà tó ń darí iná páánẹ́ẹ̀lì sí bátìrì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mo kàn án mọ́ ara pákó lókè bátìrì.

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, orí bátìrì méjèèjì ń làágùn. Omi tún ń dúró nílẹ̀ àpótí lápá ọ̀tún. Mo nù ún, ó padà. Mo tún nù ún, ó tún padà. Mo yẹ ara bátìrì wò yí ká, kò sán níbì kankan, òjò ò sì lè fẹ́ débẹ̀. Ibi tí a ti de wáyà mọ́ orí bátìrì ti ń hu nǹkan funfun, apá kan sì ń ṣe bí búlúù.

Omi wo lèyí? Ẹni tó máa ń bá wa wo iná ní kí n lọ ra omi bátìrì kí n bù sí i, torí pé omi inú wọn ti lọ sílẹ̀. Ó tún ku ohun kan tí mi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí: ínfátà kì í gbé wa di àárọ̀ mọ́, ó ti máa ń pariwo kí ilẹ̀ tó mọ́.

WayaLagere:

Ẹ má tíì bu nǹkan kan sí i. Ẹ má sì fọwọ́ lásán kan omi yẹn mọ́. Bí ásíìdì bá wà nínú rẹ̀, aṣọ òwú tí ẹ fi nù ún yóò ti di àjákù kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò sì fẹ́ kí ó kan ojú yín.

Lójú tèmi, ilẹ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ wá sókè lásìkò òjò. Ẹ gbé bátìrì lé pákó. Kì í ṣe torí ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé sìmẹ́ǹtì ń fa iná bátìrì jáde o. Ayé ìgbà tí ara bátìrì ṣì jẹ́ igi àti rọ́bà lọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ike ni ara wọn lónìí, sìmẹ́ǹtì ò rí iná kankan fà níbẹ̀. Torí ọ̀rinrin nìkan ni mo ṣe ní kí ẹ gbé e sókè.

IjesaOnibatiri:

Ẹ kú àlàyé, WayaLagere. Ilẹ̀ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ò lè mú kí orí bátìrì làágùn kó sì tún máa hu búlúù. Búlúù yẹn, bàbà tí ásíìdì ti jẹ ni. Funfun yẹn, òjé ni. Omi lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbà àti òjé. Ásíìdì wà lókè dájú. Ohun tí a ò tíì mọ̀ ni bóyá omi òkè àti omi ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èmi rò pé omi méjì ló pàdé nínú àpótí yín, ẹ ò sì ní rí ojútùú àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ ra kaun díẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ po ṣíbí ìjẹun mẹ́rin mọ́ lítà omi kan, ẹ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè kúrò. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì náà dára, ó tiẹ̀ mọ́ ju kaun lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ pa bíréékà páánẹ́ẹ̀lì, ẹ pa ti bátìrì, kí ẹ sì ṣí àpótí sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí gáàsì inú rẹ̀ tú dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú fa omi orí bátìrì sínú àwo ike kan, ẹ fi òwú mìíràn fa ti ilẹ̀ sínú àwo tirẹ̀, kí ẹ wá kán omi kaun sí méjèèjì. Èyí tó bá hó ṣùṣù, ásíìdì ló wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá hó, omi ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan níbi ti ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ máa ń pa agbára ásíìdì, torí náà ásíìdì tó ti pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì lè má hó mọ́. Ẹ fi orí ìṣó ha ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ásíìdì bá ti ń kán síbẹ̀ tipẹ́, ojú sìmẹ́ǹtì á ti rà, yanrìn inú rẹ̀ á máa ṣí kúrò. Bí ó bá le koránkorán, ásíìdì ò débẹ̀.

Ìdí tó fi ń padà lẹ́yìn tí ẹ nù ún rèé. Ásíìdì bátìrì kì í gbẹ. Omi inú rẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ lọ, ásíìdì á ṣẹ́ kù sórí ike láìhàn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù tó sì kún fún omi, ásíìdì yẹn á tún fa omi mọ́ra, bí iyọ̀ ṣe ń rin nínú ìgò lásìkò òjò. Àkísà gbígbẹ kàn ń nà án kiri ni. Ẹ rí i pé gbogbo ìdérí le dáadáa, ẹ da omi kaun sórí bátìrì, ẹ dúró kó hó tán, ẹ tún dà á, títí tí kò fi ní hó mọ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ ẹ̀kán kan nínú omi kaun wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ojú inú bátìrì, o, á ba ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fi mítà wò ó. Ẹ yí i sí fóltì DC 20, ẹ fi ẹnu dúdú kan orí nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ máa fi ẹnu pupa rìn lórí ike. Orí ike tó mọ́ tó sì gbẹ kì í kọ nǹkan kan. Bó bá kọ fóltì kan tàbí méjì, iná ń gba orí omi ásíìdì yẹn láti orí kan bọ́ sí èkejì, bátìrì sì ń jò díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé ẹ tan gílóòbù kan.

Ìyókù nìyí, òun ló sì ṣe kókó jù. Lọ́sàn-án tí òòrùn bá ń ràn tí páánẹ́ẹ̀lì ń ṣáàjì, ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má wọn méjèèjì papọ̀. Lálẹ́, ẹ pa gbogbo bíréékà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí iná kankan tó wọlé. Ẹ wo ìdérí sẹ́ẹ̀lì méjèèjìlá, èwo ló tutù, èwo ló gbẹ, níbo ni atọ́ka omi kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ariwo ínfátà tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, ó kàn án o.

LabuIfe:

Mo fẹ́ fi ti ìrì kún un, torí àwọn kan á ti máa rò ó. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó 30°C, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ 80%, ohunkóhun tó bá tutù tó 26°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mú kó di omi. Bátìrì 220Ah kan wúwo tó nǹkan bí kílò 60. Ó ń gba òtútù òru sínú, kò sì tètè ń gbóná láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn bá yọ tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ wọ inú àpótí, ara tútù yẹn ló máa bá pàdé. Nílùú olókè bí Iléṣà, níbi tí òru ti ń tutù, ẹ ó rí i dáadáa.

Àmọ́ ìrì ní àmì tirẹ̀. Yí ara bátìrì ká ló máa ń bò, títí kan pákó àpótí àti orí bíréékà, ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́. Ìyálẹ̀ta ló máa ń pọ̀ jù, bí ó bá sì fi máa di ọ̀sán, á ti gbẹ. Kì í kó jọ sí ìgun kan. Omi yín ń dúró lápá ọ̀tún nìkan, torí náà mi ò rò pé ìrì ni olórí ìṣòro yín.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni, ẹ nu ojú sìmẹ́ǹtì gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá funfun tó mọ́lẹ̀ kedere ní sẹ̀ǹtímítà 45 lọ́nà méjèèjì, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán, ọjọ́ kan gbáko dára jù. Bí abẹ́ ọ̀rá bá tutù, láti inú ilẹ̀ ló ti wá. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀rá ló tutù tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ, láti òkè ni tàbí láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ tún we tíṣù gbígbẹ mọ́ wáyà páánẹ́ẹ̀lì níbi tó ti ń yọ lẹ́nu páìpù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò. Páìpù tó ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ọ̀nà omi ni.

OmoParakin:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ń pe ti apá òsì ní A, ti apá ọ̀tún ní B.

Omi orí bátìrì méjèèjì hó. Ti ilẹ̀ ò hó rárá, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ sì le.
Abẹ́ ọ̀rá gbẹ, òkè rẹ̀ tutù. Tíṣù ara wáyà rin gbindin lẹ́yìn òjò.
Mítà kọ 1.9 lórí ike B, 1.4 lórí ike A.
Lọ́sàn-án tó ń ṣáàjì: A 15.6, B 13.2.
Láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan wà ní pípa mọ́jú: A 12.5, B 10.4.
Ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà A ló tutù. Ti B, márùn-ún tutù, ìkẹta láti apá nẹ́gẹ́tíìfù gbẹ fúrúfúrú, atọ́ka omi rẹ̀ ṣì wà lókè. Ti gbogbo ìyókù ti ń sún mọ́ pupa.

Ṣé A ló wá ní àìsàn ni, torí òun ló ń gba iná jù?

IjesaOnibatiri:

Rárá, B ni. Sẹ́ẹ̀lì kẹta B ti kú, èyí tí ìdérí rẹ̀ gbẹ yẹn gan-an. Ibi tó gbẹ ni àrùn wà. Ibi tó tutù kàn ń jìyà rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì fóltì 12 kan. Láàárọ̀, A kọ 12.5, ẹ pín in sí mẹ́fà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2.08. Ẹ wá sọ 2.08 yẹn di ìlọ́po márùn-ún, á jẹ́ 10.4, iye tí B kọ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú B ò mú fóltì kankan wá mọ́. Pélébé òjé inú rẹ̀ ti fara kan ara wọn, bóyá torí èérún òjé tó ti kó jọ sísàlẹ̀, bóyá torí pé ohun tó yà wọ́n nípá ti lu. Iná ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni gba wáyà kọjá, kò fọ́ omi, kò ta gáàsì. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ ò fi dín tí ìdérí rẹ̀ ò sì tutù. Bí ẹ bá rí haidirómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, ẹ ó bá a pé sẹ́ẹ̀lì yẹn kéré gan-an sí àwọn márùn-ún yòókù. Àlàfo tó bá ti kọjá 0.050 láàárín sẹ́ẹ̀lì bátìrì kan náà, ẹ̀rí ti pé nìyẹn. Fún ẹni tó bá fẹ́ fi mítà yẹ haidirómítà wò: ẹ fi 0.84 kún ohun tó kọ, ẹ ó rí fóltì sẹ́ẹ̀lì náà nígbà tó ti sinmi. 1.240 á fún yín ní 2.08.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Kọntirólà yín ń wá 28.8, ó gbà pé sẹ́ẹ̀lì 12 ló wà níwájú òun, 2.4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì 11 ló wà níbẹ̀. Ẹ pín 28.8 sí 11, á jẹ́ 2.62. Látorí nǹkan bí 2.4 ni omi inú sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí gáàsì. Tó bá wá dé 2.62, híhó ni gbogbo wọn ń hó. Gáàsì yẹn ń gbé ìkùukùu ásíìdì gba ihò ìdérí jáde, òun ló ń bọ̀ sórí ike tí ẹ ń pè ní òógùn.

Bí ó bá tiẹ̀ ti kún tó sì bọ́ sí 27.0 tó yẹ kó máa fi tọ́jú bátìrì jẹ́jẹ́, 27.0 lórí 11 ṣì jẹ́ 2.45. Kò sinmi rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ń gbé omi inú wọn lọ nìyẹn. Ampe-wákàtí (Ah) kan tó bá kọjá ohun tí bátìrì nílò máa ń fọ́ nǹkan bíi gíráàmù méjì omi nínú bátìrì olójú mẹ́fà. Ampe 5 fún wákàtí mẹ́fà, mìlílítà 60 ti lọ lára A lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń bu omi sí i lóṣooṣù láìwá ìdí rẹ̀, inú àjàdì lẹ ń bù ú sí.

Ariwo òru náà, ibẹ̀ ló ti wá. 12.5 àti 10.4 jẹ́ 22.9. Ibi tí ínfátà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé bátìrì ti ń tán ò jìnnà síbẹ̀, a ò sì tíì tan iná kankan.

SolaModakeke:

Bó bá jẹ́ pé owó bátìrì ò tíì sí nílẹ̀, ẹ lè sọ kọntirólà kalẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì 11: 2.4 lọ́nà 11 jẹ́ 26.4 fún ṣáàjì, 2.25 lọ́nà 11 jẹ́ 24.8 fún ìtọ́jú. Òógùn yẹn á dáwọ́ dúró. Ẹ sọ ínfátà náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun náà ń ṣáàjì nígbà tí NÉPÀ bá mú iná wá.

IjesaOnibatiri:

Ìṣirò yín péye. Èmi ò ní fi lé e ju ọjọ́ mélòó kan lọ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nílé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú báyìí kì í dúró lójú kan. Èérún òjé tó so pélébé pọ̀ lónìí lè yẹ̀ lọ́la, kó tún fara kàn án nígbà tí iná ńlá ń kọjá, kó gbóná tàbí kó ta iná nínú sẹ́ẹ̀lì tí gáàsì kún. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ B níbi sẹ́ẹ̀lì kẹta lẹ́yìn wákàtí kan tí ó ti ń ṣáàjì. Bó bá gbóná ju ibòmíì lọ, ẹ yọ B kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fara mọ́ iná NÉPÀ títí tí owó á fi dé.

LabuIfe:

Èyí ló mú mi padà wá: kọntirólà tó wà nínú àpótí yẹn. Gáàsì háídírójìn tó bá ti tó 4% nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná. Ampe-wákàtí kan tó bá kọjá ohun tí bátìrì nílò máa ń mú lítà 0.42 rẹ̀ jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ fi Ampe 10 ṣáàjì sẹ́ẹ̀lì 11 tó ti kún fún wákàtí kan, lítà 46 nìyẹn. Gbogbo àyè àpótí yín, bí a bá fi 120, 70 àti 60 ṣírò rẹ̀, nǹkan bí lítà 500 ni, bátìrì méjèèjì sì ti gba púpọ̀ níbẹ̀. Tí ìdérí bá pa dé pinpin, ẹ ti kọjá 4% fíofío. Inú kọntirólà àti bíréékà ni nǹkan ti máa ń ta pàrà, ẹ sì gbé e sókè, ibi tí háídírójìn ń lọ gan-an, torí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ gbé kọntirólà àti bíréékà kúrò níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kí wọ́n wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kì í ṣe lókè rẹ̀. Ìkùukùu ásíìdì yẹn á tún jẹ inú wọn bó ṣe ń jẹ bàbà.

Fún àpótí, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ níwájú, ẹ lu òmíràn sókè pátápátá lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ wọlé nísàlẹ̀ kí ó gba òkè jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu wọn nítorí alángbá àti èkúté. Bí ìdérí àpótí bá dagun, ihò òkè gbọ́dọ̀ wà níbi tó ga jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gáàsì á sá pamọ́ síbẹ̀.

WayaLagere:

Mo gbà, ilẹ̀ kọ́. Wáyà ni ká wá tún ṣe.

Omi ń tẹ̀ lé ara wáyà ni. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè fi sílíkóònù dí ẹnu páìpù lókè kí ọ̀rọ̀ parí. Òòrùn á sán an láàárín ọdún kan sí méjì, omi á sì tún rí ọ̀nà. Kódà bí òjò ò bá wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù á di omi lóru, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń tán ọ̀ràn yìí ni pé kí wáyà kọ́kọ́ rẹlẹ̀ ju ibi tó ti máa wọlé lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò àpótí ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó wá yípo padà sókè kó tó wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Omi ò lè gòkè, ibi tó rẹlẹ̀ jù ni yóò ti kán sílẹ̀ níta. Bí ẹ bá fẹ́ kí páìpù bò ó títí débẹ̀, ẹ lu ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí ibi tó rẹlẹ̀ jù yẹn kí omi lè jáde. Ẹnu páìpù ti òkè, ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kó má kọjú sí ọ̀run.

Kí ẹ sì gbé bátìrì lé pákó tó nípọn, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 wà lábẹ́ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín méjèèjì. Bí omi bá tún dé nílẹ̀, ẹ ó tètè rí i, kò sì ní kan ara wọn.

OmoParakin:

Kọntirólà ti jáde. Mo ti yọ B náà kúrò, ó gbóná lóòótọ́ níbi sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé kí n ra ẹyọ kan kí n fi so mọ́ A? Àti pé kí ni kí n ṣe sí B, torí ẹnì kan ní òun lè da ásíìdì rẹ̀ nù kí òun da tuntun sí i.

IjesaOnibatiri:

Dída ásíìdì tuntun sí i ò lè ya pélébé tó ti fara kan ara wọn. Owó ásíìdì àti owó iṣẹ́ lẹ ó pàdánù lórí rẹ̀. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù bó ṣe wà, pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀. Wọ́n ń wá òjé rẹ̀. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á dà á sílẹ̀ nínú ọgbà yín kó lè fúyẹ́.

Méjì ni kí ẹ rà, bí agbára bá gbé e. Bátìrì A ti lo ọdún mẹ́ta, ó sì ti ń hó ní 2.6 fún ìgbà díẹ̀, agbára rẹ̀ ò lè tó 220 mọ́. Bí ẹ bá so tuntun mọ́ ọn, A ló máa kọ́kọ́ kún lọ́sàn-án, òun náà ló máa kọ́kọ́ tán lóru. Á máa gba àgbàjù, tuntun á máa gba àgbàdín, títí èyí tuntun náà á fi gbó láìtọ́jọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lowó ká, ẹ wá àlòkù tí ọdún rẹ̀ àti Ah rẹ̀ sún mọ́ ti A. Ẹ wọn àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú haidirómítà kí ẹ tó sanwó. Àlàfo tó bá ju 0.030 lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Lórí omi bátìrì: omi dìsítíìlì nìkan ni. Píọ́ wọ́tà kọ́, omi òjò kọ́, omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ amúlétutù náà kọ́. Ìgò kan náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń ta omi yìí àti ásíìdì, torí náà ẹ kán èyí tí ẹ rà sórí kaun kí ẹ tó lò ó. Bó bá hó, ásíìdì ni wọ́n tà fún yín, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún tán ni kí ẹ bù ú, torí omi inú rẹ̀ máa ń wú sókè bó ṣe ń gba iná. Ẹni tó bá bù ú dé àmì òkè nígbà tí bátìrì ṣófo, á rí i kó ṣàn jáde lọ́sàn-án, òun náà á sì wá béèrè ibi tí omi ti wá. Bí pélébé bá ti yọrí síta nìkan ni kí ẹ bù ú ṣáájú, kó kàn bò wọ́n, kí ẹ wá parí ìyókù lẹ́yìn ṣáàjì.

Fún àwọn tuntun, ẹ fi ṣáàjì sí 28.8, ìtọ́jú sí 27.0, Ampe 22 sí 33. Iye fóltì yẹn jẹ́ ti 25°C. Bí inú àpótí bá máa ń gbóná tó 35°C, ẹ dín nǹkan bí 0.5 kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ 28.3 àti 26.5. Bí kọntirólà yín bá ní wáyà tó ń mọ ooru, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì ní àárín, á ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà tó ń ṣáàjì. Bí ọ̀kan bá fi fóltì 0.3 ju èkejì lọ, ẹ ti ní ìdí láti gbé haidirómítà.